Ìdánwò SSC CGL ní Íńdíà: báwo ló ṣe yẹ ká fi gírámà Gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ̀ gbogbogbò dánra wò?

TíṣàWuràọlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ Íńdíà kan ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí Zoom, SSC CGL ni wọ́n sì ń múra fún. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìṣòro mi, ètò ìdánwò yẹn gan-an ni kò tíì yé mi tó. Wọ́n ń ṣe ìbéèrè rẹpẹtẹ lójúmọ́, síbẹ̀ máàkì wọn dúró sójú kan. Wọ́n tún fẹ́ kí n bá wọn dá sí ìmọ̀ gbogbogbò. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká ti mú un?

Àǹtí Delhi

Ẹ kú akitiyan, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìdánwò náà ṣe rí, torí ẹni tí kò mọ ibi tí máàkì pọ̀ sí á máa fi agbára ṣòfò níbi tí kò sí.

SSC ni Staff Selection Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ Íńdíà tó ti wà láti 1975, tó ń gba òṣìṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. CGL (Combined Graduate Level) ni ti àwọn tó ti gboyè yunifásítì. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìpele méjì ló sì ní. Tier I jẹ́ ìbéèrè 100 ní ìṣẹ́jú 60: ìrònú 25, ìmọ̀ gbogbogbò 25, ìṣirò 25, Gẹ̀ẹ́sì 25. Ìdáhùn tó tọ̀nà gba máàkì 2, èyí tí kò tọ̀nà á mú 0.50 lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ètò náà ṣe ní 2022, Tier I wulẹ̀ ń yan àwọn tó máa lọ sí Tier II ni. Máàkì Tier II ló ń pinnu ẹni tó máa ríṣẹ́.

Ibi tó kan yín nìyí. Nínú Paper I, ìyẹn bébà àkọ́kọ́ ti Tier II, apá kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ̀ gbogbogbò wà, aago kan náà ló sì ń ka fún méjèèjì: Gẹ̀ẹ́sì 45, ìmọ̀ gbogbogbò 25, ìṣẹ́jú 60. Máàkì 3 fún ìdáhùn tó tọ̀nà, wọ́n á yọ 1 fún èyí tí kò tọ̀nà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì nìkan jẹ́ 135, ìmọ̀ gbogbogbò jẹ́ 75, nínú máàkì 390 tí wọ́n ń kà ní Paper I. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ni í.

Nítorí náà, ìmọ̀ gbogbogbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú apá yẹn. Kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ rò síbẹ̀: bóyá o mọ̀ ọ́n ni o, bóyá o ò mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ìbéèrè kan, á parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 àti ààbọ̀, ìṣẹ́jú 51 á sì ṣẹ́kù fún Gẹ̀ẹ́sì 45. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ gbogbogbò sí ìkẹyìn, àkàyé ló máa jẹ àkókò ẹ̀ tán, á wá fi ìbéèrè tó mọ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ìkéde ọdún tiwọn látòkèdélẹ̀. SSC máa ń yí nǹkan padà.

Ìṣirò Ni

Kí n fi ọ̀rọ̀ máàkì tí wọ́n ń yọ yìí kún un, torí àwa tí a mọ ìdánwò JAMB, tí kì í yọ máàkì, a máa ń sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi ohunkóhun sílẹ̀. Ní Íńdíà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣírò ẹ̀ fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan.

Tier I, ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n tò kalẹ̀. Ẹni tó bá méfò pátápátá: ìdá kan nínú mẹ́rin ti 2 jẹ́ 0.50, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti 0.50 jẹ́ 0.375. Èrè ẹ̀ kù 0.125. Ó kéré, ṣùgbọ́n èrè ni. Tier II: ìdá kan nínú mẹ́rin ti 3 jẹ́ 0.75, ohun tí wọ́n á yọ náà jẹ́ 0.75. Òfo. Tí ó bá lè yọ ìdáhùn kan tó dá a lójú pé kò tọ̀nà kúrò, Tier II á fún un ní nǹkan bí 0.33 lórí ìbéèrè kan. Tó bá yọ méjì kúrò, ó di 1 gbáko.

Torí náà, ní Tier II, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òfin: bí n kò bá lè yọ ìdáhùn kan ó kéré tán, n kò ní fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n sì máa fi àmì sí gbogbo èyí tí wọ́n méfò nígbà ìdánrawò, kí wọ́n lè ka iye tó tọ̀nà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti yọ méjì kúrò, èyí tí kò tọ̀nà ni wọ́n máa ń mú nínú méjì tó kù, torí ó jọ ohun tí wọ́n ti kà rí. Àmì yẹn nìkan ló lè fi hàn wọ́n.

Alágbà Gírámà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí gírámà.

Wíwá àṣìṣe nínú gbólóhùn ló ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn jù. Wọ́n á gé gbólóhùn sí mẹ́ta, ìkẹrin á jẹ́ "No error". Ọmọ tó ń fi etí dán an wò pé ṣé ó dùn á ṣìnà, torí àṣìṣe tí gbogbo ayé ń sọ lójoojúmọ́, tí etí ti gbà, ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń kó síbẹ̀. Ẹ wo èyí:

The quality of the mangoes / sold in this market / are not good / No error

Etí á gbà á, torí "mangoes" ti wọlé sórí ọmọ náà kó tó dé "are". Kí ó fi ìka lé ọ̀rọ̀-ìṣe, "are". Kí ó bi í: kí ni kò dára? "The quality". Ẹyọ kan ni. Ohun tó bá tẹ̀ lé "of" títí dé ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kó tún un kà: the quality are not good. Àṣìṣe náà á fò jáde, "is" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bákan náà ni "One of the students", tó fẹ́ "has", àti "as well as", tí ohun tó tẹ̀ lé e kì í yí olùwà padà. Ẹ kíyè sí "The number of", tó jẹ́ ẹyọ, àti "A number of", tó jẹ́ ọ̀pọ̀. "Neither … nor" ní tiẹ̀, olùwà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń tẹ̀ lé.

Ìlànà kan ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé nígbà gbogbo. Olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣáájú. Lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí àsìkò: "since", "for", "yesterday", "by the time". Ìkẹta, àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń rìn ní méjì-méjì. Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀-orúkọ tí kò ṣeé kà. Ìkẹfà, "a", "an", "the". Ibi tí àṣìṣe tó dájú bá ti yọjú, kí wọ́n dúró níbẹ̀. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kọjá láìsí wàhálà, "No error" ni, kí wọ́n mú un láìbẹ̀rù. Wọ́n máa ń rò pé àṣìṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ dandan, wọ́n á wá hùmọ̀ ọ̀kan.

Àwọn tó ń rìn ní méjì: "Hardly" àti "Scarcely" fẹ́ "when", "No sooner" ló fẹ́ "than". "Lest" fẹ́ "should". "Between" fẹ́ "and", kì í ṣe "to". "Senior", "junior", "superior", "inferior", "prefer": gbogbo wọn fẹ́ "to", kò sí èyí tó ń gba "than". "Unless" ti ní "not" nínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà "unless you do not work hard" kò tọ̀nà.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé èdè abínibí wọn ló fà á. Híńdì kò ní ohun tó dúró fún "the", torí náà ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fò ó, tàbí kí wọ́n fi síbi tí kò yẹ. "I am having two brothers" pọ̀ lẹ́nu wọn, "I have" ló tọ̀nà. Ẹ tún rí "discuss about", "cope up with", "return back", "good in mathematics" dípò "good at", "married with" dípò "married to", "cousin brother". "Furnitures", "advices", "informations" ńkọ́? Ilé wa níbí náà kún fún wọn, ẹ ṣọ́ ẹnu ara yín nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn.

Ẹ má ṣe kó gbogbo òfin yìí fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Orí kan lójúmọ́, ìbéèrè 20 lórí orí yẹn nìkan. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ìbéèrè 50 tí ẹ ti pò gbogbo orí pọ̀. Ìpòpọ̀ yẹn ṣe kókó. Ọmọ tó mọ̀ pé "olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe" ni àkọlé ojú ewé náà ti gba ìdajì ìdáhùn kó tó kà á, inú ìdánwò kò sì ní sí àkọlé.

TíṣàWuràọlá

Ẹ ṣeun púpọ̀, Alágbà. Èyí yé mi kedere. Voice (active àti passive) àti narration (bí a ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn) ńkọ́? Àti àwọn ọ̀rọ̀ tó le?

Alágbà Gírámà

Voice àti narration rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀ lọ, torí ìdáhùn mẹ́rin ti wà níwájú wọn. Kí wọ́n má kọ gbólóhùn tiwọn, kí wọ́n fi àsìkò ìṣe yọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà kúrò. "He said to me, 'I will come tomorrow.'" "Said to" á di "told", "will" á di "would", "tomorrow" á di "the next day". Ìdáhùn tó bá ṣì ní "will" tàbí "tomorrow", ó ti lọ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan péré ló máa ṣẹ́kù. Òtítọ́ tí kì í yí padà kì í yí àsìkò: The teacher said that the earth moves round the sun.

Nínú voice, ìbéèrè àti àṣẹ ló ń dà wọ́n rú. "Who broke the window?" di "By whom was the window broken?" "Open the door" di "Let the door be opened". Kí wọ́n há àwòkọ́ṣe mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án báyìí sórí, ó tó.

Gbólóhùn tí wọ́n dà rú, tí wọ́n ní kí o tò ó padà: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "he", "this", "however", kò lè ṣáájú. Èyí tó dárúkọ ènìyàn tàbí nǹkan náà ní kíkún ni kí wọ́n wá. Kí wọ́n má wá gbogbo ètò náà tán kí wọ́n tó wo ìdáhùn. Méjì tó so pọ̀ dájúdájú ti tó láti mú èyí tó tọ̀nà.

Cloze, ìyẹn àyọkà tí wọ́n fi àlàfo sí: kí wọ́n ka àyọkà náà tán kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ kankan sí àlàfo. Àlàfo kejì máa ń sinmi lórí gbólóhùn kẹrin.

Mama Kíkẹ́

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ọ̀rọ̀ tó le. Kí wọ́n má ra ìwé atúmọ̀ èdè kí wọ́n máa há a láti A. Inú ìbéèrè ọdún tó ti kọjá ni kí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀, torí àkànlò èdè àti ọ̀rọ̀ kan fún gbólóhùn máa ń padà wá. Ọ̀rọ̀ 10 lójúmọ́ tó. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú káàdì, ìtumọ̀, òdì-kejì àti gbólóhùn kan sí ẹ̀yìn. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ọjọ́ kọkànlélógún. Èyí tó bá jábọ́, kí ó padà sí ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ so wọ́n pọ̀ nípa gbòǹgbò. "-cide" jẹ́ pípa: regicide ọba, fratricide arákùnrin, matricide ìyá, genocide ẹ̀yà odindi. "-phobia" jẹ́ ìbẹ̀rù. Ẹni tó mọ gbòǹgbò méjìlá á dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò rí rí mọ̀.

Sípẹ́lì: níbi tí lẹ́tà kan ti wá lẹ́ẹ̀méjì ni wọ́n ti ń mú wọn. Accommodation, committee, embarrass, occurrence, questionnaire. Kí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́, kí wọ́n má fi ojú kà á lásán.

Olùkọ́ Sífíìkì

Mo ti ń dúró de ìmọ̀ gbogbogbò, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń pàdánù ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n á wa app kan jáde, wọ́n á máa tẹ ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn, ìmọ̀ náà kò sì ní so mọ́ ohunkóhun. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti parẹ́.

Ìmọ̀ tí kì í yí padà ni kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀: òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà, ìtàn, ìmọ̀ ilẹ̀, sáyẹ́ǹsì, ètò ọrọ̀ ajé, àṣà. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ NCERT, àjọ ìjọba Íńdíà tó ń ṣe ìwé kíkà, láti kíláàsì kẹfà dé ìkejìlá ni ìpìlẹ̀ tó dájú jù, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún sáyẹ́ǹsì, kíláàsì kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni kí wọ́n kà dáadáa.

Lẹ́yìn orí kan, ìgbà náà ni kí wọ́n ṣe ìbéèrè, kí wọ́n sì fa ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gùn. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan: àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ wo ló dín ọjọ́ orí ìdìbò kù? Ìdáhùn ni Àtúnṣe 61. Ọmọ tó ń kánjú á kọjá lọ. Ẹ dá a dúró. Láti mélòó sí mélòó? 21 sí 18. Òfin ọdún wo? 1988. Abala wo ló yí padà? 326. Olórí ìjọba wo ló wà níbẹ̀? Rajiv Gandhi. Abala wo ló dá àjọ tó ń ṣètò ìbò sílẹ̀? 324. Ìbéèrè márùn-ún ló ti jáde látinú ọ̀kan yẹn, èyíkéyìí nínú wọn ni SSC sì lè béèrè lọ́dún tó ń bọ̀.

Nínú òfin ìpìlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó àwọn abala jọ ní agbo-agbo. Ẹ̀tọ́: 14 ìdọ́gba, 17 ìfòpin sí kíka ẹnikẹ́ni sí aláìmọ́, 19 òmìnira, 21 ẹ̀mí, 21A ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ọdún 6 sí 14, 32 ẹ̀tọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù. Pàjáwìrì: 352 ti orílẹ̀-èdè, 356 ti ìpínlẹ̀, 360 ti owó. Owó ìjọba: 110 àbá òfin owó, 112 ìsúná, 280 àjọ ìṣúnnáwó. Àtúnṣe: 42 ti 1976, 44 ti 1978, 73 àti 74 lórí ìjọba ìbílẹ̀, 101 lórí GST, owó orí ọjà àti iṣẹ́.

Ìtàn: kí wọ́n fa ìlà àkókò kan sórí ìwé gígùn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ogun Plassey 1757, ogun Buxar 1764, ìṣọ̀tẹ̀ 1857, ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Congress 1885, pípín Bengal 1905, ìpakúpa Jallianwala Bagh ní 13 oṣù kẹrin 1919, rògbòdìyàn Chauri Chaura 1922, ìrìn iyọ̀ Dandi 1930, ìpolongo Quit India 1942. Ìbéèrè tó ní "tò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀" máa ń wá, ẹni tó há ọdún láìrí ìlà náà á da 1919 àti 1922 pọ̀.

Ìmọ̀ ilẹ̀: máàpù òfìfo. Kí wọ́n fi ọwọ́ ya odò Narmada àti Tapi lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n ya Godavari, Krishna, Kaveri àti Mahanadi lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní gbàgbé. Ìlà Tropic of Cancer gba ìpínlẹ̀ mẹ́jọ kọjá: Gujarat, Rajasthan, Madhya Pradesh, Chhattisgarh, Jharkhand, West Bengal, Tripura, Mizoram. Máàpù yẹn kan náà ni kí wọ́n kọ ijó sí: Bharatanatyam ní Tamil Nadu, Kuchipudi ní Andhra Pradesh, Odissi ní Odisha, Sattriya ní Assam. Kathakali àti Mohiniyattam, Kerala ló ni méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹ pàkúté.

Àǹtí Delhi

Olùkọ́ ti sọ ọ́ tán. Ohun kan péré: ìwé àtijọ́. Lọ́jà Delhi, ìwé ìmọ̀ gbogbogbò tó ti gbó wà káàkiri lówó pọ́ọ́kú, ìdáhùn inú wọn ló ti kú. Ìpínlẹ̀ 29? Rárá o, 28 ni, pẹ̀lú agbègbè ìjọba àpapọ̀ 8, láti 26 oṣù kìn-ín-ní 2020. Planning Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ìdàgbàsókè? NITI Aayog ti gbapò ẹ̀ láti 1 oṣù kìn-ín-ní 2015. Èdè àtayébáyé mẹ́fà? Ó ti di 11 ní oṣù kẹwàá 2024, nígbà tí wọ́n fi Marathi, Pali, Prakrit, Assamese àti Bengali kún un. Indian Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn? Bharatiya Nyaya Sanhita ló wà níbẹ̀ báyìí, láti 1 oṣù keje 2024. Ẹ̀tọ́ sí ohun ìní kì í ṣe ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ mọ́ láti Àtúnṣe 44, abala 300A ló wà.

Ti ìròyìn ìgbà tó ń lọ: oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá tó ṣáájú ìdánwò. Ojúlé Press Information Bureau ni ti ìjọba fúnra ẹ̀. Ètò ìjọba kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: iléeṣẹ́ wo, ọjọ́ wo, ta ló wà fún, èló. Bí àpẹẹrẹ, PM-KISAN: iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó wà fún àgbẹ̀ tó nílẹ̀, ₹6,000 lọ́dún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ujjwala: iléeṣẹ́ epo rọ̀bì, 1 oṣù karùn-ún 2016, ní Ballia, gáàsì ìdáná fún obìnrin ilé tálákà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá sọnù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti béèrè.

Mufu Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo èyí ṣiṣẹ́ fún bánkì àti rélùwéè náà?

Ìṣirò Ni

Gírámà kan náà ni, aago ló yàtọ̀. IBPS PO ti bánkì, ní ìpele àkọ́kọ́: Gẹ̀ẹ́sì 30 ní ìṣẹ́jú 20, ìṣẹ́jú 20 yẹn sì ti pa, o ò lè mú lára ẹ̀ fún apá mìíràn. Kò sí ìmọ̀ gbogbogbò níbẹ̀, ìpele kejì ló wà, ọ̀rọ̀ bánkì àti ọrọ̀ ajé ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n ń tò kalẹ̀, wọ́n sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì ìbéèrè náà, nítorí náà ìméfò pátápátá jẹ́ òfo. RRB NTPC ti rélùwéè, ìpele àkọ́kọ́: ìbéèrè 100 ní ìṣẹ́jú 90, 40 jẹ́ ìmọ̀ gbogbogbò, kò sí apá Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì ni wọ́n ń yọ, òfo náà ni.

TíṣàWuràọlá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀kan ló kù: wọ́n ń ṣe mock (ìdánwò ìdánrawò), wọ́n ń wo máàkì, wọ́n ń ṣe òmíràn.

Alágbà Gírámà

Ẹ dá a dúró. Mock kan lọ́sẹ̀ tó ní oṣù àkọ́kọ́, méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí mock bá gba wákàtí kan, wákàtí méjì ni kí wọ́n fi tú u palẹ̀. Kí wọ́n ní ìwé àṣìṣe tó ní ìlà márùn-ún: ìbéèrè, ohun tí mo mú, ohun tó tọ̀nà, òfin ẹ̀ ní gbólóhùn kan, àti ìdí. Ìdí mẹ́ta péré ló wà: n kò mọ̀ ọ́n, mo ṣì í kà, mo kánjú. Kí wọ́n ka ìdí kọ̀ọ̀kan lópin ọ̀sẹ̀. Bí "n kò mọ̀ ọ́n" bá pọ̀ jù, kí wọ́n padà sí ìwé. Bí "mo ṣì í kà" bá pọ̀ jù, òfin tuntun kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́, kíkà ni kí wọ́n dín eré ẹ̀ kù. Èyí tí wọ́n mú tó tọ̀nà ṣùgbọ́n tí wọ́n méfò, kí ó wọ inú ìwé náà pẹ̀lú.

Àǹtí Delhi

Lẹ́yìn ìdánwò gangan, SSC máa ń gbé ìdáhùn àkọ́kọ́ àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra ẹ̀ mú jáde fún ọjọ́ díẹ̀ lórí ojúlé wọn. Kí wọ́n tètè wà á jáde kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọ́n máa ń tì í. Bí wọ́n bá rí ìdáhùn tí kò tọ̀nà níbẹ̀, wọ́n lè takò ó kí àkókò tó pé, wọ́n á san owó díẹ̀ lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ojú ewé ìwé tó gbè wọ́n sí i. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí mock kankan tó dà bí bébà tiẹ̀ gan-an yẹn.